Omi táǹkì ẹja mi ti kan, mo fi béékìn sódà sí i, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú: ẹ gbà mí

ỌmọÌkòròdú
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná.

Táǹkì onígíláàsì tó ń gba 100 lítà ni mo ní. Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí mo gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀. Kribensis 4 ló wà nínú rẹ̀, guppy 12, angelfish 2. Omi bóhóòlù ilé wa ni mo ń lò. N kì í sábà pààrọ̀ omi náà. Tó bá ti fà, mo máa ń bù kún un ni, torí ó mọ́ gaara, àwọn ẹja sì ń jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo ra bébà àyẹ̀wò, mo kì í bọ omi. Ojú ibi tí wọ́n kọ pH sí, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, kò kúrò ní yẹ́lò, ìyẹn ni pé ó wà ní 5.5 tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo wo orí ayélujára, wọ́n ní 7 sókè lẹja ń fẹ́. Ni mo bá bu ṣíbí tíì 3 béékìn sódà, mo pò ó, mo dà á sínú táǹkì lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn pé mo ti tún omi wọn ṣe.

Kò tó wákàtí méjì tí angelfish tó tóbi jù fi gòkè wá sójú omi. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ń wọlé. Abẹ́ ìdérí ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pọ́n kuku. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́ o, omi ń hó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, angelfish méjèèjì ti lọ, guppy 7 sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn kribensis nìkan ni ẹyọ kan ò kú nínú wọn. Wọ́n sá sẹ́yìn ìkòkò amọ̀ tí mo fi síbẹ̀, wọn ò jáde.

Ṣé béékìn sódà ló ní oró ni, àbí omi bóhóòlù wa? Ọmọ mi ọkùnrin ti sọ àwọn angelfish yẹn lórúkọ. Láti àárọ̀ ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé.

ÌyáFílítà
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ bá mi kí ọmọ náà, ẹ ní mo ní kó má bínú.

Ká tó wádìí ohun tó pa àwọn tó kú, ẹ jẹ́ ká gba àwọn tó kù là. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lónìí àti lọ́la. Ebi ọjọ́ méjì kì í pa ẹja, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó bá jẹrà nínú omi yẹn báyìí á dá kún ohun tó ń bá wọn jà. Ẹ pọn omi bóhóòlù sínú ike ńlá kan, ẹ ki rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́, kó máa hó títí di alẹ́. Tó bá dalẹ́, ẹ fa ìdá kan nínú mẹ́rin omi táǹkì jáde, ẹ wá rọra máa da tuntun sí i, ife kan lẹ́yìn ife kan. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má fi béékìn sódà kún un mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn kankan fún yín.

Nígbà tẹ́ ẹ ń tún omi ṣe lọ́jọ́ Sátidé, ṣé ẹ fọ fílítà pẹ̀lú?

Olùkọ́Kẹ́mísírì (Ìbàdàn)
Ẹ kú àdánù, ìyá. Béékìn sódà tí à ń fi sí kéèkì ni, kò ní oró. Omi bóhóòlù náà kò sì dédé pa ẹja tó ti gbé inú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Mo fura sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀rí kí n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ wá ohun àyẹ̀wò onígò, èyí tí wọ́n máa ń kán sínú omi nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ṣeé gbọ́kàn lé ju bébà lọ. Ẹ fi wọn amóníà, nitrite, nitrate, pH àti KH (ohun tó wà nínú omi tí kì í jẹ́ kí pH mì). Ẹ wọn omi táǹkì kẹ́ ẹ tó fà á jáde. Ẹ wọn omi bóhóòlù bó ṣe ń tẹnu ẹ̀rọ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi bóhóòlù kan náà sínú abọ́ tó fẹnu sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀. Ẹ má fo ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn o.

ỌmọÌkòròdú
Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ gan-an. N kò fọ fílítà, ìyá wa. Mo yá ohun àyẹ̀wò onígò lọ́wọ́ aládùúgbò kan tó ń sin goldfish. Ohun tí mo rí nìyí.

Omi táǹkì: amóníà 4, nitrite 0, nitrate 80, pH 8, KH 6.
Bóhóòlù bó ṣe ń jáde: amóníà 0, pH 5.4, KH 1.
Bóhóòlù tó sùn mọ́jú: pH 6.3, KH 1.

Guppy kan tún kú lálẹ́ àná. Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ omi tán, èyí tó kù ń mí dáadáa díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí omi kan náà fi 5.4 jáde, tó wá di 6.3 láàárọ̀?

Olùkọ́Kẹ́mísírì (Ìbàdàn)
Ó ti yé mi wàyí. Mo fẹ́ kó yé ẹ̀yin náà yékéyéké, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni irú nǹkan yìí ti pa ẹja lọ́wọ́ wọn tí wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yín. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gbé kábọ́nì dáyọ́kísáìdì sínú, afẹ́fẹ́ kan náà tó ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó máa ń mú omi kan. Tí omi bá jáde síta tó rí afẹ́fẹ́, á fò lọ, pH á sì gòkè. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká gba ohun tí bóhóòlù bá sọ ní ìṣẹ́jú tó jáde gbọ́. Èyí tó sùn mọ́jú ni omi tí ẹja máa gbé inú rẹ̀.

Ó wá ku èyí tó pa ẹja. Ẹja ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù sì ń jẹrà. Gbogbo rẹ̀ ń di amóníà. Kòkòrò àìfojúrí kan wà lára fóòmù fílítà àti lára òkúta wẹ́wẹ́ tó ń sọ amóníà di nitrite. Òmíràn ń gba nitrite, ó ń sọ ọ́ di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóró. Bí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ yìí, KH inú omi ni wọ́n ń jẹ. KH sì ni òpó tó gbé pH dúró. Níbi tí KH bá ti pọ̀, pH kì í mì. Níbi tó bá ti tán, pH á wó lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Omi yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KH 1 péré. Oṣù mẹ́fà ni àwọn kòkòrò fi jẹ ẹ́, ẹ ò sì mú òmíràn wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ ń bu omi kún un, ṣùgbọ́n bíbù kún yàtọ̀ sí pípààrọ̀. Omi nìkan ló ń fà lọ sínú afẹ́fẹ́, ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀ dúró síbẹ̀. Nitrate 80 tẹ́ ẹ rí yẹn ni ẹ̀rí. KH tán, pH lulẹ̀ sí 5.5, àwọn kòkòrò tó ń jẹ amóníà sì rẹ̀wẹ̀sì, torí wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tí pH bá ti lọ sábẹ́ 6. Bí amóníà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ nìyẹn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí ẹja ò fi kú nígbà náà? Ìrísí méjì ni amóníà ní nínú omi. Nínú omi tó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìrísí ammonium ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà, èyí kò sì rọrùn fún láti wọ ara ẹja. Tí pH bá fi ẹyọ 1 gòkè, èyí tó ní oró á di ìlọ́po mẹ́wàá. Ní 28°C tí omi pálọ̀ wa máa ń wà, ní pH 5.5, olóró kò ju nǹkan bí 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní pH 8, ó ti lé ní 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé nínú amóníà 4 tó wà níbẹ̀, èyí tó lóró fo láti nǹkan bí 0.001 sí 0.25 láàárín wákàtí méjì. Oró náà ti wà nínú omi tipẹ́, ó sùn ni. Béékìn sódà ló jí i.

Ṣíbí tíì 3 nínú 100 lítà á gbé KH sókè ní 6. Ẹ wo àyẹ̀wò yín, 6 gan-an ló wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é, sódà náà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Ẹni tó bá bá táǹkì àtijọ́ tó ti kan, amóníà ni kó kọ́kọ́ lé jáde nígbà tó ṣì ń sùn, kó wá gbé KH dìde tó bá yá.

ÌyáFílítà
Olùkọ́, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń pààrọ̀ omi láìmọ̀dí rẹ̀.

Àbúrò mi, ẹ máa bá pípààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn lọ lójoojúmọ́ títí amóníà á fi kúrò ńlẹ̀. Ó sì dára bẹ́ ò ṣe fọ fílítà. Èmi fọ tèmi rí pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ, mo fún fóòmù rẹ̀ títí ó fi funfun bí owú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo sin ẹja 9. Inú àbàtà dúdú tó wà lára fóòmù yẹn ni àwọn kòkòrò tí Olùkọ́ ń sọ ń gbé. Tó bá dí tí omi ò kọjá mọ́, ẹ bu omi táǹkì fúnra rẹ̀ sínú abọ́, ẹ fún fóòmù náà lẹ́ẹ̀mejì sínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Kó máa rí dúdú díẹ̀ kò burú.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ fún wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ á tán nínú fílítà tó ní ìdérí, àwọn kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, omi rírùn inú rẹ̀ á tú jáde sórí ẹja. Fún àwa tí a wà nílé yìí, fílítà onífóòmù tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ni mo fara mọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì. Tí bátìrì náà bá tán, ẹ fi ife bu omi sókè kẹ́ ẹ máa dà á padà láti òkè, ogún ìgbà, kẹ́ ẹ tún padà wá ṣe é lẹ́yìn wákàtí kan. Mo ti ṣe é mọ́jú rí nígbà ooru oṣù kẹta. Omi tó móoru kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú bíi ti èyí tó tutù.

AráLondon
Ẹ kú ìjókòó o. Láti London ni mo ti ń kọ̀wé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ràn “7 sókè” tí ìyá rí lórí ayélujára, torí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Inú ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú omi tí à ń lò níhìn-ín ń gbà kọjá. Ó le débi pé ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀, tí a bá sì se é nínú kẹ́tùlù fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹfun á bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú. KH mi kì í lọ sábẹ́ 12. Mo lè gbàgbé láti pààrọ̀ omi fún oṣù méjì, pH mi ò ní kúrò ní 7.6. Irú omi báyìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìmọ̀ràn lédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ohun tí wọ́n kọ jóòótọ́ nílé wọn. Ní Ìkòròdú, níbi tí omi ti rọ̀, ìwé míì ló yẹ ká kà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba níbikíbi: ẹ béèrè bóyá klórínì ni wọ́n fi sí i tàbí klórámáìnì. Klórínì á fò lọ tí omi bá sùn mọ́jú nínú ike tó ṣí. Klórámáìnì tí wọ́n ń fi sí tiwa kì í lọ bọ̀rọ̀. Oògùn tó ń pa klórínì la máa ń kán sí i, tí klórínì bá sì ti já kúrò lára rẹ̀, amóníà díẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú omi tí fílítà gbọ́dọ̀ jẹ. Mo fi ìyà kọ́ ọ ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé.

BàbáKríbù (Òkìtìpupa)
Mo kí gbogbo ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ní àtakò díẹ̀.

Kí ló dé tí ẹnì kankan ò béèrè ìdí tí kríbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi yè? Ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Inú odò gúúsù Nàìjíríà títí dé etí òkun Kamẹrúùnù ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí ayé. Omi inú igbó tó rọ̀, tó kan díẹ̀, tí ewé tó jábọ́ ti sọ di àwọ̀ tíì, ibẹ̀ ni baba ńlá wọn ń gbé. Ẹni tó bá ní kríbù nílé, tó wá ń fi sódà gbé omi rẹ̀ lọ sí 8, ó ń lé onílé jáde nílé ni.

Ewé fúrúùtù ni mo ń lò. Ẹ mọ igi tó tẹ́ ẹ̀ka bí agbòòrùn, tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń sọ lókò torí èso rẹ̀. Ewé tó ti pọ́n, tó fúnra rẹ̀ já bọ́ nílẹ̀, ni kẹ́ ẹ ṣà, kì í ṣe tútù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, ẹ ju ẹyọ méjì sínú 100 lítà. Omi á pọ́n bí omi àgbo, àwọn kríbù á sì yọ àwọ̀. Ikùn abo á pọ́n bí ọsàn àgbálùmọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀: pH omi ń dá sí ọ̀rọ̀ akọ àti abo lára ọmọ kríbù. Tí omi bá kan gan-an nígbà tí wọ́n ṣì kéré, akọ máa ń pọ̀ jù. Tó bá súnmọ́ 7, abo á pọ̀ sí i. Ojú mi ló ṣe. Àwọn ọmọ kan tí kríbù mi pa, tí mo tọ́ nínú omi pH 5.5, ọmọ 31 ló dàgbà, akọ 26.

Olùkọ́Kẹ́mísírì (Ìbàdàn)
Bàbá, mo gbà fún yín lórí kríbù pátápátá. Omi tó kan kì í ṣe ọ̀tá wọn. Níbi tí mo ti yàtọ̀ sí yín ni pé odò ń ṣàn, táǹkì kì í ṣàn. Omi odò inú igbó lè ní KH 0, amóníà ò ní kó jọ síbẹ̀, torí omi tuntun ń dé ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin náà, mo mọ̀ pé ẹ kì í fi ọ̀sẹ̀ kan ṣeré kẹ́ ẹ má pààrọ̀ omi, ẹja yín kò sì pọ̀ nínú táǹkì. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó máa lo KH 1 rẹ̀ lọ.

Ìyá yìí tún ní guppy. Guppy fẹ́ omi tó le díẹ̀, kríbù fẹ́ èyí tó rọ̀. Àárín wọn ni kẹ́ ẹ dúró sí, ìyá: KH 3 sí 4, pH yóò wà lágbègbè 7, àwọn méjèèjì á sì fara mọ́ ọn. Ẹ má tún bu sódà sínú táǹkì tààrà láé. Inú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tẹ́ ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ omi ni kẹ́ ẹ ti pò ó: sódà tí kò kún ìdajì ṣíbí tíì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Omi tó bá ń wọlé á máa jọ èyí tó wà níbẹ̀, ẹja ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

ÌyáFílítà
Ẹni tí kò bá fẹ́ máa wọn sódà, ìkarahun ìṣáwúrú wà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é dáadáa kí ẹran inú rẹ̀ jáde tán, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ẹ di ẹ̀kúnwọ́ kan sínú nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí omi fílítà ti ń tú jáde. Bí omi bá ti ń kan ló ń yọ́, tí omi bá ti súnmọ́ 7 á dẹwọ́. Èèpo ẹyin náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, àmọ́ awọ inú rẹ̀ máa ń jẹrà tẹ́ ò bá sè é kẹ́ ẹ yọ ọ́.

ỌmọAbẹ́òkúta
Ẹ bá mi wo tèmi náà. Kànga la ní. Bàbá mi máa ń ju álọ́ọ̀mù sínú rẹ̀ tí òjò bá ti dà á rú. Tí n bá ti pọn irú omi bẹ́ẹ̀ sínú táǹkì, ẹja á dákẹ́ sójú kan fún ọjọ́ méjì, ìyẹ́ wọn á ká mọ́ra.

Olùkọ́Kẹ́mísírì (Ìbàdàn)
Ẹ má lo omi álọ́ọ̀mù fún ẹja, àbúrò. Álọ́ọ̀mù ń jẹ KH bó ṣe ń mú ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀, á sì mú omi kan. Nínú omi tó kan, èròjà inú rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí. Ẹ pọn omi pamọ́ sínú dúróòmù kí wọ́n tó ju álọ́ọ̀mù sí i. Èyí tó bá ru, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá ní kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tàbí táǹkì sìmẹ́ǹtì tuntun, òdìkejì ló máa rí: pH á lé ní 9. Kí wọ́n máa kún un, kí wọ́n máa dà á nù, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí ẹja tó wọ ibẹ̀.

Ẹlẹ́jaKékeré
Omi òjò ńkọ́? Òun ni kò ná wa lówó.

ÌyáFílítà
Ó dára tẹ́ ẹ bá fi là á mọ́ omi míì. Òun nìkan kò ní KH rárá. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ páànù fún bí ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó gbé ike síbẹ̀, tí páànù bá sì ti dípẹtà, ẹ má gbé e síbẹ̀ rárá. Páànù onísíńkì léwu fún ẹja nínú omi tó rọ̀.

ỌmọÌkòròdú
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́wàá. Amóníà ti wálẹ̀ sí 0.25, pH 7.2, KH 4. Kò sí ẹja kankan tó tún kú. Ṣùgbọ́n nitrite tó jẹ́ 0 tẹ́lẹ̀ ti di 1 láàárọ̀ yìí. Àyà mi ń já.

Olùkọ́Kẹ́mísírì (Ìbàdàn)
Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé àwọn kòkòrò àkọ́kọ́ ti jí, wọ́n ń jẹ amóníà padà, àwọn kejì ni kò tíì bá wọn. Nitrite máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ dáadáa. Iyọ̀ ló ń dí i lọ́nà. Ẹ yọ́ iyọ̀ ìsebẹ̀ ṣíbí tíì 1 péré nínú ife omi táǹkì, ẹ dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn tó fún 100 lítà. Ẹ má fi kún un tẹ́ ò bá tíì pààrọ̀ omi. Ẹ dín oúnjẹ wọn kù sí ìdajì, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ méjì méjì.

ỌmọÌkòròdú
Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé. Amóníà 0, nitrite 0, nitrate 20, pH 7, KH 4. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, kẹ́ẹ̀gì kan jáde, kẹ́ẹ̀gì kan wọlé. Ọmọ mi ló ń kán oògùn àyẹ̀wò, òun ló sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tó fi ẹja ya ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi ewé fúrúùtù ẹyọ kan sí i, bí Bàbá ṣe wí.

Láàárọ̀ àná, mo rí i tí abo kríbù kan ń rọra lọ nísàlẹ̀, ikùn rẹ̀ pọ́n bí àgbálùmọ̀ lóòótọ́. Mo rò pé eruku ló ń tẹ̀ lé e. Mo tẹ̀ síwájú gíláàsì, eruku náà ní ojú. Ọmọ ni wọ́n, wọ́n lé ní ogójì, gbogbo wọn ń ṣe bí ìyá wọn bá ti ṣe. Ó mi ìyẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn jókòó sórí yanrìn. Ọmọ mi ké débi pé bàbá rẹ̀ sáré jáde láti inú yàrá.

Ó ń béèrè bóyá a lè ra angelfish padà báyìí.

ÌyáFílítà
Áà, ẹ kú oríire! Ẹ ní kó ṣe sùúrù. Angelfish á jẹ àwọn ọmọ yẹn tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà kẹ́ ẹ kó wọn sínú táǹkì míì ná.

BàbáKríbù (Òkìtìpupa)
Inú mi dùn, ọmọ mi. Ẹ bá mi sọ fún ọmọkùnrin náà kó máa kọ pH sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí wọ́n á fi tó oṣù márùn-ún, nígbà tí akọ àti abo á ti hàn. Kó wá ka iye akọ, kó ka iye abo, kó kọ ọ́ síbí fún mi. Mo fẹ́ fi wé tèmi.